Ojú pọ́n, ojú wú: ohun tó yẹ ká ṣe, àti ohun tí kò yẹ ká kán sí i

Ẹ sùn lálẹ́, kò sóhun tó ṣe yín. Ilẹ̀ mọ́, ẹ fẹ́ lajú, ojú ò là. Ipin ti lẹ ìpéǹpéjú pọ̀ bí ẹni fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi omi rẹ̀ ẹ́ títí ó fi là, ẹ wo dígí, ó ti pọ́n bí ẹyìn, ó sì ń gún yín bí ẹni pé wọ́n bu yanrìn sí i. Kó tó di ọ̀sán, ará ilé kan á ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ẹ má wò mí o, Àpólò nìyẹn."

Orúkọ yẹn ní ìtàn. Ní 1969 ni irú ojú pípọ́n kan tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ rọ́ sí funfun ojú bẹ́ sílẹ̀ ní Ghana, ọdún yẹn kan náà sì ni ọkọ̀ Apollo 11 gbé èèyàn lọ sórí òṣùpá. Àìsàn ò lórúkọ, ọkọ̀ òṣùpá sì wà lẹ́nu gbogbo ayé, ni wọ́n bá fi orúkọ ọkọ̀ pe àìsàn. Ó tàn káàkiri Áfíríkà, ó dé Éṣíà, orúkọ náà ò sì kúrò lẹ́nu wa mọ́. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á: enterovirus 70, àti irú coxsackievirus A24 kan.

Ibi tí wàhálà wà ni pé gbogbo ojú tó bá ṣáà ti pọ́n la wá ń pè ní Àpólò báyìí. Eruku lè mú kí ojú pọ́n. Bakitéríà lè ṣe é, ewé àgbàdo tó gba èèyàn lójú lóko lè ṣe é, àrùn inú ẹyinjú fúnra rẹ̀ náà lè ṣe é. Oògùn tó wo ojú kan lè fọ́ òmíràn. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó.

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú náà dáadáa

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ẹ dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà, lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ bo ojú kan, kí ẹ fi èkejì ka kàlẹ́ńdà ara ògiri, kí ẹ sì pààrọ̀ wọn. Ẹ nu ipin kúrò kí ẹ tó kà á o, torí ipin nìkan tó láti mú ojú ṣe bàìbàì. Bí ẹ bá ti nù ún tán, tí ìwé ṣì ń ṣú lójú tó pọ́n náà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ilé. Nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ níbí, àyẹ̀wò ìṣẹ́jú kan yìí ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò.

Àpólò gan-an sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lójú kan, kó fò sí èkejì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Omi ló máa ń ṣe ju ipin lọ. Ìpéǹpéjú á wú, funfun ojú á pọ́n, nígbà míì ẹ̀jẹ̀ á tò sí i ní èékán-èékán. Irú ti 1969 yìí yára: wákàtí 12 sí 48 lẹ́yìn téèyàn bá kó o ló ti máa ń yọjú. Irú mìíràn wà tí fáírọ́ọ̀sì adenovirus ń fà, tó máa ń bá ọ̀fìnkìn àti ọ̀nà ọ̀fun dídùn rìn. Ìyẹn ò yára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ lára jù. Bí ẹ bá fọwọ́ kan iwájú etí, ẹ lè bá kókó kékeré kan níbẹ̀ tó ń dunni.

Ti bakitéríà yàtọ̀. Ipin tirẹ̀ nípọn, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí kó dà bí ewé, ẹ ó nù ún tán, kò ní pẹ́ tí òmíràn á tún jáde. Ìyẹn ò dà bí ipin àárọ̀ lásán o. Àní tọ̀sán-tọ̀sán ni.

Bó bá jẹ́ yíyún ló pọ̀ jù, tí ojú méjèèjì jọ ń yún, tí imú náà ń yún, téèyàn sì ń sín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eruku, ọyẹ́, tàbí òórùn nǹkan tí ara onítọ̀hún kò gbà. Àwọn ọmọdé wa kan wà tó jẹ́ pé lọ́dọọdún ni, wọ́n á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ojú títí funfun ojú wọn á fi ṣú. Kì í ràn. Kò sídìí tí wọ́n fi máa lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò nílé ìwé.

Bí ẹ sì ṣàdédé jí tí ẹ rí ojú-ẹ̀jẹ̀ kan lára funfun ojú, pupa fòò, tí kò dunni, tí kò ṣe ipin, tí ẹ sì ń ríran kedere, iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ínrín kan ló bẹ́. Ikọ́, èébì tàbí ẹrù wíwúwo lè fà á. Á lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bó bá ń ṣe é lemọ́lemọ́, tàbí tí ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ẹ lọ wọn ìfúnpá yín.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ dúró nílé

Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí àwọn wọ̀nyí lọ sí ọsibítù:

- ẹni tí ojú ń dùn gan-an, kì í ṣe pé ó ń gún lásán, tàbí tí ìmọ́lẹ̀ ń pa á lójú débi pé kò lè lajú;
- ẹni tí ìríran rẹ̀ dín kù, tàbí tó ń rí òṣùmàrè yí iná ká, pàápàá bí orí bá ń fọ́ ọ tó sì ń bì;
- ẹni tí ẹ bá rí àmì funfun lórí ọmọlójú rẹ̀;
- ẹni tí ewé, èèrún igi, irin tàbí òkúta ta sójú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti yọ ọ́;
- ẹni tó ń lo awò kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú (kó yọ ọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó sì mú un dání lọ);
- ẹni tí roro olómi sú sí iwájú orí àti imú rẹ̀ ní apá kan ojú tó pọ́n náà;
- ẹni tí ìpéǹpéjú rẹ̀ wú bo ojú mọ́lẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ń gbóná, tàbí tí ẹyinjú rẹ̀ ń ti síta.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun, torí ibẹ̀ la ti ń ṣàṣìṣe jù. Ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ 28, tí ojú rẹ̀ wú, tó ń ṣe ọyún, kò sí ohun tó ń jẹ́ "omi ìbí ló wọ̀ ọ́ lójú, á lọ." Bí ìyá bá ní àtọ̀sí lára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀, ọmọ lè kó o bó ṣe ń jáde bọ̀, á sì yọjú láàárín ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún. Àtọ̀sí yìí lè jẹ awọ mímọ́ gaara tó bo ọmọlójú lu kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ọmọ á sì fọ́jú pátápátá. Kòkòrò mìíràn tó ń jẹ́ chlamydia máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó yọ, bí ọjọ́ 5 sí 14. Abẹ́rẹ́ tàbí oògùn mímu ni wọ́n fi ń wo méjèèjì, ìkánsójú nìkan ò ká a, ìyá àti bàbá náà sì gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú. Mo mọ̀ pé ojú máa ń tini láti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ọmọ lọ ṣáá.

Bó bá jẹ́ nǹkan ló ta sójú

Hypo, Jik, omi bátìrì, ẹfun ìkunlé, símẹ́ǹtì: ẹ má wá ọkọ̀ o, omi ni kí ẹ wá. Ẹ gbé orí sábẹ́ ẹ̀rọ omi, tàbí kí ẹlòmíràn máa fi kẹ́ẹ̀tù da omi mímọ́ sí i, kí ẹ fi ọwọ́ ya ìpéǹpéjú sílẹ̀, kí ẹ máa yí ojú sọ́tùn-ún sósì. Ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, ó sàn kó tó 30. Kí ojú tó fara gbá wà nísàlẹ̀, kí omi má bàa ṣàn lọ bá èkejì. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá gba ọsibítù lọ. Ẹ má wá ohun tó máa "pa oró" rẹ̀ o, omi náà ni.

Ìtọ́jú nílé

Bó bá jẹ́ Àpólò lásán, tí kò sí ọ̀kan nínú àwọn àmì òkè yìí, ẹ lè tọ́jú rẹ̀ nílé.

*Ìkíní, ẹ fọ ipin kúrò.* Ẹ se omi kó hó, kí ẹ jẹ́ kó tutù nínú abọ́ tí ẹ bò. Ẹ gé òwú sí kékeré-kékeré. Ẹ ki òwú kan bọ omi, ẹ fún un, kí ẹ pa ojú dé, kí ẹ nù ún láti ẹ̀gbẹ́ imú lọ sí ẹ̀gbẹ́ etí, lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ sọ òwú yẹn nù. Òmíràn ni kí ẹ fi nu ìkejì. Ẹ má fi òwú ojú ọ̀tún kan ojú òsì, ẹ má sì ti òwú bọ inú ojú. Bí ipin bá ti gan, ẹ gbé òwú tútù lé e fún ìṣẹ́jú méjì, á rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má hó o, irun ìpéǹpéjú lẹ ó fà tu.

*Ìkejì, ẹ fi òtútù bá ojú wíwú sọ̀rọ̀.* Aṣọ mímọ́ tí ẹ rì sínú omi tútù, kí ẹ fún, kí ẹ gbé lé ojú tí ẹ ti pa dé, ìṣẹ́jú 5 sí 10, lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lójúmọ́. Bó bá jẹ́ yìnyín ni, ẹ fi aṣọ wé e. Aṣọ kan fún ẹnì kan, kí ẹ sì sè é lẹ́yìn lílò. Òtútù yìí máa ń dín yíyún àti wíwú kù ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀.

*Ìkẹta, omijé àtọwọ́dá.* Oògùn ìkánsójú kan wà nílé kẹ́míìsì tí kò ní egbòogi kankan nínú ju ohun tó ń mú ojú rọ̀ lọ. Ẹ béèrè fún "artificial tears" torí orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí nìyẹn. Ó ń fọ ojú, ó ń dín gígún kù. Bí orí bá ń fọ́ tàbí tí ojú ń ro, parasẹtamọ́ọ̀lù tó, ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ ni kí ẹ lò.

Ìyẹn ni gbogbo ohun tí Àpólò ń fẹ́. Mo mọ̀ pé ó kéré lójú ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kẹ́míìsì

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi mú oògùn Àpólò." Bí a ṣe ń wí nìyẹn, ẹni tó ń tà á á sì na ọwọ́ mú ìgò kékeré kan fún wa. Kò sí oògùn Àpólò. Oògùn tó ń pa bakitéríà kò lè pa fáírọ́ọ̀sì, bí ẹ tilẹ̀ kán ìgò mẹ́ta.

Bó bá jẹ́ ti bakitéríà, tí ipin nípọn tí kò dáwọ́ dúró, chloramphenicol ni wọ́n sábà máa ń lò. Ti ìkánsójú rẹ̀: ẹ̀kán kan ní wákàtí méjì-méjì fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ kò bá sùn, lẹ́yìn náà ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, kó pé ọjọ́ márùn-ún. Kí ẹ má dá a dúró lọ́jọ́ kejì torí pé ojú ti mọ́. Inú fíríìjì ni kó wà, bí iná ò bá sí, ibi tó tutù tí oòrùn ò dé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, dókítà ni kó kọ ọ́ fún un. Aboyún àti abiyamọ náà, kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó lò ó.

Ìgò tí mo fẹ́ kí ẹ sá fún ni èyí tí ẹ bá rí dexamethasone, betamethasone tàbí prednisolone lára rẹ̀, yálà òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú oògùn mìíràn. Dókítà ojú ń lò ó, ó sì wúlò gan-an lọ́wọ́ ẹni tó ti fi ẹ̀rọ yẹ inú ojú wò. Lọ́wọ́ wa, ẹlẹ́tàn ni. Ẹ kán an lónìí, lọ́la ojú ti funfun, ẹ ó ní oògùn yẹn dára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kòkòrò herpes ló wà lójú, tàbí kòkòrò olú (fungus) tó wọlé láti ara ewé oko, ńṣe ni oògùn náà ń bá wọn ṣílẹ̀kùn. Téèyàn bá sì sọ ọ́ di ohun tó ń kán lóṣooṣù nítorí yíyún, ìfúnpá inú ẹyinjú lè máa ga ní kọ̀rọ̀, kó máa jẹ iṣan ìríran, èyí tí wọ́n ń pè ní glókómà. Ohun tó bá jẹ níbẹ̀ kì í padà. Èmi náà ti fi owó ara mi ra irú rẹ̀ rí fún ọmọ mi, torí pé ó ṣiṣẹ́ fún ọmọ aládùúgbò. Ọpẹ́ ni pé a tètè mọ̀.

Ọmọ tí ojú ń yún lọ́dọọdún, sodium cromoglicate ni wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ má torí ìyẹn pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó yá.

*Bí a ṣe ń kán an.* Ọ̀pọ̀ oògùn ló ń parí sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ fọ ọwọ́. Ẹ gbé orí sẹ́yìn, kí ẹ wo òkè àjà. Ẹ fi ìka kan fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ kó ṣe bí àpò, kí ẹ kán ẹ̀kán kan péré sínú àpò yẹn, kí ẹnu ìgò má kan ojú. Ẹ pa ojú dé jẹ́ẹ́, ẹ má fún un pọ̀, kí ẹ fi ìka tẹ igun ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn àgbà ní ohun tó bá ojú á bá imú, òótọ́ sì ni níbí: ihò tín-ínrín kan wà níbẹ̀ tó gba inú imú lọ, ìdí nìyí tí èèyàn fi máa ń tọ́ oògùn ojú wò lọ́fun. Bó bá jẹ́ oríṣi méjì lẹ fẹ́ kán, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sáàárín wọn. Èyí tó dà bí ìpara, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan nínú àpò ìpéǹpéjú, nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, torí ó máa ń mú ojú ṣú díẹ̀. Ọmọ tó ń jà, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kó pa ojú dé, ẹ kán an sí igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Bó bá lajú, á wọlé fúnra rẹ̀.

Ohun tí a kì í kán sójú

Ìtọ̀, omi ọyàn, omi àlùbọ́sà, omi ṣúgà, omi iyọ̀ tí a fojú wọ̀n, kẹrosíìnì, àgbo, òróró àdúrà. Màmá wa àgbà gbà pé ìtọ̀ òwúrọ̀ ọmọ kékeré ò láfiwé. Ìfẹ́ ló fi ṣe é fún wa, ojú wa sì là, ṣùgbọ́n Àpólò yẹn ì bá lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń gba ìyìn nìyẹn: àìsàn tó ń lọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Àmọ́ ìtọ̀ tó ní àtọ̀sí nínú lè fọ́ ojú, kẹrosíìnì sì ń bó awọ ojú.

Ẹ sì gbé tìróò sílẹ̀. Yàtọ̀ sí pé igi tìróò kan tí gbogbo ilé ń lò jẹ́ ọkọ̀ ọ̀fẹ́ fún Àpólò, òjé wà nínú púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n gbé láti ilé ni wọ́n ń lé fún un. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, ó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ lọ tó jẹ́ òjé.

Ọwọ́ ló ń gbé e, kì í ṣe ìwò

Ẹni tó bá wo elójú Àpólò kò lè kó o. Awò dúdú tí aláìsàn ń wọ̀ ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn ni, kò gba ará ilé lọ́wọ́ ohunkóhun. Omi ojú ló ń lọ sí ọwọ́, ọwọ́ lọ sí ẹyin ilẹ̀kùn, sí rìmóòtù, sí fóònù, sí irin danfo, ẹlòmíràn á dì í mú, á sì fi ọwọ́ náà nu ojú. Gbogbo iṣẹ́ tó kù wà níbẹ̀.

Aṣọ ìnura tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìrọ̀rí tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n sì pààrọ̀ aṣọ ìrọ̀rí lójoojúmọ́ kí wọ́n fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Bébà ni kó máa fi nu ojú, kó sì sọ ọ́ nù, kó má ki aṣọ ìnujú bọ àpò. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ gbára lé. Òróró ọwọ́ tó ń ṣe bí ọtí tí gbogbo wa kọ́ lò nígbà Kòrónà kì í fi bẹ́ẹ̀ ká àwọn fáírọ́ọ̀sì wọ̀nyí. Ẹ fi omi tí ẹ da Hypo díẹ̀ sí nu ẹyin ilẹ̀kùn àti orí tábìlì. Ìgò oògùn kan, ẹnì kan. Tọkọtaya náà kì í pín in.

Ọmọ ilé ìwé, kó dúró nílé títí omi àti ipin yóò fi gbẹ. Òṣìṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀, pàápàá ẹni tó ń gbé oúnjẹ tàbí tó ń tọ́jú aláìsàn.

Ọjọ́ mélòó ló ń lò?

Irú ti 1969 máa ń le ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kó sì lọ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Ti adenovirus lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ó sì máa ń burú sí i ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó tó rọlẹ̀, kí ìyẹn má dẹ́rù bà yín. Ti bakitéríà yẹ kó ti dín kù láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí ẹ ti ń kán oògùn. Bí kò bá dín, tàbí tí ìríran bá yí padà nígbàkigbà, ẹ wá dókítà ojú. UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Ìdí-Àràbà ní ẹ̀ka ojú, ọ̀pọ̀ ọsibítù ìjọba náà sì ní in. Ẹni tó ń ta awò létí títì kì í ṣe dókítà ojú, bó tilẹ̀ wọ aṣọ funfun.

Eéwo kékeré tó máa ń yọ sétí ìpéǹpéjú, tó ń dunni bí a bá fọwọ́ kàn án, ìdàkejì ni tirẹ̀: ooru ló ń fẹ́. Aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìṣẹ́jú 5 sí 10, ẹ̀ẹ̀mẹta sí mẹ́rin lójúmọ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde. Á bẹ́ fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ojú bá mọ́ tán, ẹ kó bírọ́ọ̀ṣì ojú, tìróò àti ìkunjú tí ẹ ń lò nígbà náà dànù, bó ti wù kó wọ́n tó. Ìgò oògùn tí ẹ ti ṣí, bó bá ti pé ọjọ́ 28, kódà bí ìdajì bá ṣì wà nínú rẹ̀, inú garawa ìdọ̀tí ni, kì í ṣe inú dúrọ́ọ̀ fún ẹni tó máa kó tirẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.